Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Kó Wá Pàdánù

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní ìlú òyìnbó, iṣẹ́ kí wọ́n máa borí mi ni. N ò sọ ọ́ láti fi pa yín lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gidi ni, ó ní láísẹ́ǹsì, ó ní dókítà tó ń yẹ orí wa wò lọ́dọọdún, àwọn tó sì ń ṣe é pọ̀. Ọ̀dọ́ akànṣẹ́ kan á wà tí wọ́n fẹ́ kó di ìlúmọ̀ọ́ká. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ á ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á wá nílò ọkùnrin kan tó tóbi, tó mọ iṣẹ́, tí kò ní tètè ṣubú, tí kò sì ní ba ayẹyẹ wọn jẹ́. Wọ́n á pe Tẹ́rì, Tẹ́rì á sì pè mí.

Tẹ́rì ló ń kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ló sì ń wa ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ síbi ìjà. Òun gan-an ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, imú rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sọ fún mi rí pé kí n ṣubú, kò sì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi títí mo fi kúrò níbẹ̀. Kò nídìí tí wọ́n á fi sọ ọ́. Ẹni tí mo fẹ́ bá jà á ti máa múra sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi, ọ̀sẹ̀ tí ìjà máa wáyé gan-an ni wọ́n ń sọ fún mi. Ìlú rẹ̀ la ti máa jà, èrò tirẹ̀ ló máa kún ibẹ̀, rẹfirí nìkan ló sì ń fún wa ní máàkì nínú irú ìjà kékeré bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wá fìyà jẹ ọmọ wọn, fóònù Tẹ́rì ò ní dún mọ́ fún ìgbà pípẹ́, torí ta ló fẹ́ pe ẹni tó ń ba ọjà jẹ́? Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti lọ. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú lọ́nà Ìbàdàn ni mo ti ń ru pákó láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́langba, ibẹ̀ ni mo ti rí èjìká tí mo gbé lọ. Bí mo ṣe dé Ṣẹ́fíìdì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Gbogbo wa tá a lọ la ní tiwa, wọ́n sì jọra. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí débi pé mo rò pé ó máa pa mí, nígbà tí kò sì pa mí, ara tù mí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àgbàlagbà.

Ẹ̀ṣẹ́ nìkan ò lè bọ́ mi, nítorí náà mo rí iṣẹ́ ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Èmi ni mo máa ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Jọ́ọ̀jì lorúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa, tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ bàbá náà ló yẹ kó jẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Jọ́ọ̀jì, oúnjẹ ti dé o!" Ẹnu mi ò gbà á. Mo ń pè é ní Bàbá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àwọn ẹbí bàbá náà fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ní àbí n ò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n máa pè é nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, n ò pè é ní ohunkóhun mọ́. Tí mo bá ti wọlé, mo kàn máa ń wúkọ́, bàbá náà á sì na apá rẹ̀ méjèèjì sí mi pé kí n gbé òun.

Mo dá gbé yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù agérun. Àwọn aládùúgbò mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Tá a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, èmi náà á sọ̀rọ̀ òjò, olúkálukú á sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà kan wà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Ní Ifẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan á ti wọlé láìkanlẹ̀kùn, á ti bínú sí mi pé n ò sọ fún òun. N ò sunkún. Mo kàn ṣàkíyèsí rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe màmá mi. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ojú wọn ti rí oríṣiríṣi orí tó fọ́, ẹ̀rù iṣẹ́ mi sì máa ń bà wọ́n. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, nítorí náà Alhájà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìjà mi àkọ́kọ́ níbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ìjà yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n borí mi, mà."

"Subuhanallahi! Ó gbé ọ ṣubú?"

"Rárá o, mà."

"Ẹ̀yìn rẹ kanlẹ̀?"

"Kò kanlẹ̀."

"Orúnkún ńkọ́?"

"Orúnkún gan-an ò kanlẹ̀, mà."

Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì.

"Ta ló wá borí rẹ?"

Mo ṣàlàyé máàkì fún wọn. Mo ní rẹfirí ló ń wò ó, tó ń mọ ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bà jù.

"Ó jókòó síbì kan, ó ń kà á?"

"Ó wà láàárín wa ni, mà."

"Ó wà láàárín yín, ó ń sá fún ẹ̀ṣẹ́, ó tún ń kà á? Ìwọ náà gbọ́ ohun tó ò ń sọ." Wọ́n pòṣé. "Gbẹ́nu sóhùn-ún jàre. Kò sẹ́ni tó borí rẹ. Alihamudulilahi. Ṣé o ti jẹun?"

Bí wọ́n ṣe ń wo ìjàkadì ni màmá mi ṣe ń wo iṣẹ́ mi. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá kanlẹ̀ kò tíì ṣubú, ẹni tí kò bá sì ṣubú, ta ló dá a? Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò Ẹnuwá, àwọn yẹn sì sọ ọ́ síwájú. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí gbogbo ayé ń borí ní Ṣẹ́fíìdì, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì dá rí ní Ifẹ̀. Tí mo bá pe ọ̀rẹ́ mi kan níbi ìlagẹdú, á lọgun lórí fóònù, "Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò! Wọn ò tíì rí ẹni dá ọ?" Màá ní wọn ò tíì rí. Irọ́ kọ́ ni mo pa.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi kì í ṣubú, nítorí náà n ò mọ ibi tí ǹ bá wò.

Ṣùgbọ́n n ò ní tan ara mi jẹ. Lẹ́yìn ìjà, rẹfirí á dúró sáàárín, á di ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kan mú, á di ọwọ́ òsì ẹnì kejì mú, gbogbo èrò á sì pa rọ́rọ́. Kó tó gbé ọwọ́ sókè ni mo ti máa ń mọ̀. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ló máa ń dì mú dáadáa. Tèmi, ìka ló kàn fi ń kàn án. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n di tèmi mú dáadáa. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ní ìlú yẹn nìyẹn: kí wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè lẹ́ẹ̀kan péré, lójú àwọn tó sanwó wá wo ọmọ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, rẹfirí gbé ọwọ́ àwa méjèèjì sókè, ó ní ọ̀mì ni. Tẹ́rì ra ẹja díńdín fún mi lójú ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn. Inú mi dùn títí mo fi dé yàrá mi, lẹ́yìn náà ló wá burú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mo ti tọ́ ìdajì rẹ̀ wò.

Àwọn ohun rere kéékèèké náà wà. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo bá jà wá di ẹni tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn. Ó rí mi ní ilé epo, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí." Òótọ́ ló sọ. Kò tíì pàdé ẹni tó máa dúró pẹ́ títí dìgbà tó bá mi jà, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé èémí lè tán nínú ènìyàn. Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan pé bóyá iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe.

Ẹ bi mí pé ibo ni ilé mi nígbà yẹn, n ò lè sọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde wa ní ojú ìjà ò pe orúkọ mi tọ̀nà rí; ó máa ń ṣubú sínú orúkọ náà ni, kó tún dìde, kó tẹ̀síwájú. Mo ti padà sílé báyìí, àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀ ni mo ń gbé, àwọn ọlọ́kadà tó wà níwájú ilé mi ń pè mí ní Lọ́ńdọ̀n. N ò gbé Lọ́ńdọ̀n rí. Mo ti ṣàlàyé títí, mo ti fi sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ àjò pẹ́, orúkọ tí wọ́n bá fún un ló máa ń jẹ́.

Nígbà tó yá, ọjọ́ orí dé. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní orí mi ò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí láísẹ́ǹsì ọwọ́ mi bá ti parí, wọn ò ní tún un ṣe fún mi mọ́. Tẹ́rì ní ìjà kan ló kù tí òun lè rí fún mi, pẹ̀lú ọmọ kan tó ń jẹ́ Dámi, tí kò sí ẹni tó tíì bá a jà kọjá ráùndì kejì.

"Mo fẹ́ borí eléyìí," ni mo sọ fún un.

Ó ń wakọ̀ lọ, kò wo ojú mi. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó tún máa pè ẹ́ lẹ́yìn èyí náà. Ṣe bó o ṣe fẹ́."

N ò mọ̀ pé òmìnira máa ń dé bẹ́ẹ̀. Torí pé iṣẹ́ ti fẹ́ parí, kò sí ọjà tí mo fẹ́ bà jẹ́ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí àwọn òkè Ṣẹ́fíìdì láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo dín oúnjẹ kù. Mo tiẹ̀ sọ fún màmá mi pé kí wọ́n bá mi ṣàdúà kí n lè borí lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní ṣebí mo ti ń borí láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi ṣe é.

Ọjọ́ tí ìjà ku ọ̀la ni wọ́n máa ń wọ̀n wá lórí ìwọ̀n. Mo ti bọ́ra sílẹ̀, ó ku ṣòkòtò péńpé lára mi, àwọn ayàwòrán sì dúró. Dámi wọlé, ó ga, ara rẹ̀ ń dán. Bàbá àgbàlagbà kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú irun funfun, ó fi aṣọ nu àga kó tó jókòó sórí rẹ̀, ó ní, "Bìsìmílà." Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ilé yẹn, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀. Tẹ́rì rò pé mo ti dákú nítorí oúnjẹ tí mo dín kù. Ó sáré wá pẹ̀lú omi.

"Dìde, ọmọ mi, dìde," ni bàbá náà wí. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ilé-Ifẹ̀ ni, sà."

"Ifẹ̀! Èmi, Modákẹ́kẹ́ ni mí."

A wo ara wa. Ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa wá mọ ìdí tá a fi wo ara wa.

"A jà jà jà nílé," ni bàbá náà wí, "a ò rí i pé ó tó, àfi ká tún wá jà ní Ṣẹ́fíìdì."

"Ẹ má bínú, sà."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n má pa mí lọ́mọ o."

"Kẹ́ ẹ sọ fún òun náà, sà, pé kó má pa mí."

Dámi na ọwọ́ sí mi, a bọ ara wa lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ tutù, ọmọ dáadáa ni. Bàbá rẹ̀ sọ sí mi létí pé ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá rárá, kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó ní ìgbà tí òun àti ìyá rẹ̀ máa fi bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọmọ á ti sùn, nígbà tí àwọn sì fi máa mọ̀, ó ti dàgbà. Ó ní òun ló ń jókòó sí igun rẹ̀ nínú gbogbo ìjà rẹ̀, tó ń fún un lómi, torí ibẹ̀ nìkan ni àwọn méjèèjì ti ń rí ara wọn pẹ́.

Ráùndì mẹ́fà la fẹ́ jà. Nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ó nà mí dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wúwo, mo fi èjìká àti ìgúnpá gba èyí tí mo lè gbà. Nígbà tó rí i pé n ò ṣubú, ó túbọ̀ ń jù ú. Mo jẹ́ kó máa jù ú. Tó bá sún mọ́ mi, màá dì í mú, bí akànṣẹ́ ṣe máa ń ṣe kí wọ́n má bàa lù ú, màá gbé gbogbo ìwọ̀n ara mi lé e, kó máa gbé mi kiri. Ní ráùndì kẹrin, mo gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń wọlé láti ẹnu. Ní ráùndì karùn-ún, èmi ni mo ń lé e. Nígbà tí mo jókòó sí igun mi, Tẹ́rì gbá mi léjìká.

Nígbà tí ráùndì tó kẹ́yìn fẹ́ parí, mo rí àyè lábẹ́ ìgúnpá rẹ̀, mo fi ẹ̀ṣẹ́ òsì sí i ní ẹ̀gbẹ́. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó fẹ̀yìn lọ bá okùn, níbi igun tiẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wálẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan ṣoṣo ló kù. Mo ti rí i, mo ti rí ibi tó máa balẹ̀ sí, mo tún ti rí rẹfirí tó di ọwọ́ mi mú dáadáa.

Bàbá rẹ̀ fò dìde lẹ́yìn okùn. Àyà rẹ̀ já, Gẹ̀ẹ́sì sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Dì í mú! Ọmọ mi, dì í mú! Dì í mọ́ra!"

Mo mọ̀ dájú pé ọwọ́ mi ti gbéra. Ṣùgbọ́n ibi tó balẹ̀ sí kọ́ ni mo rán an. Ó kọjá létí ọmọ náà, ó yí i lẹ́yìn ká, ti òsì lọ bá a níbẹ̀, mo sì dì í mú. Mo dì í mọ́ra pinpin. Dámi gbé gbogbo ara rẹ̀ lé mi láyà, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, tí mo bá tú u sílẹ̀ ilẹ̀ ló ń lọ. Ọdún mélòó ni mo ti lò níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún mi ní èdè mi? Ara mi ò dúró bi mí. Àgbàlagbà ló sọ̀rọ̀, ara mi sì ti ṣe é. Rẹfirí ń pariwo pé ká tú ara wa sílẹ̀. Kó tó rí wa yà, agogo dún.

Ó wá dúró sáàárín wa. Ìka ló fi kàn mí lọ́wọ́. Ó ní máàkì kan ṣoṣo ni Dámi fi jù mí lọ.

Ó dùn mí. N ò ní fi ohunkóhun bò ó. Ó dùn mí débi pé n ò gbọ́ ohun tí èrò ń pariwo, mo sì jókòó nínú yàrá tá a ti ń múra láìtú báńdéèjì ọwọ́ mi. Tẹ́rì bi mí pé kí ló dé tí mo fi dì í mú nígbà tó ti tán. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀. Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Ó mọ̀ pé kò rẹ̀ mí. Ó jáde lọ gbé ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí bàbá Dámi wọlé, tí Dámi sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú omi dídì tó gbé lé ojú rẹ̀ tó wú. Mo fẹ́ dìde. Bàbá náà ní kí n jókòó.

"O ti borí ẹ̀," ló wí. "Mo rí i. Kí ló dé tí o fi dì í mú?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dì í mú, sà."

"Èmi? Ọmọ mi ni mò ń bá wí!"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbọ́."

Bàbá náà fi ọwọ́ gba ògiri mú, ó wá rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀. Dámi wò mí, ó wo bàbá rẹ̀. Ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni mo sọ.

Bàbá náà gbójú sókè sí ọmọ rẹ̀. Ó ní mo ní kí òun sọ fún un pé ó kú iṣẹ́.

N ò sọ bẹ́ẹ̀. Dámi yíjú sí mi láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, mo sì mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.